Bí Mínísítà Ṣe Di Ọmọ Ilé Aránṣọ

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbé e mì kó tó ka ìtàn yìí, torí mi ò fẹ́ gbọ́ pé oúnjẹ há ẹnì kan lọ́fun nítorí Mínísítà. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tó yẹ kí èèyàn tìtorí rẹ̀ kú. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí dòní, ẹ̀rín rẹ̀ náà ò sì tíì tán lẹ́nu mi. Bí ẹ bá rí i tí mò ń fara ya níbi tó yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà fojú fò ó.

Mínísítà fún Ìrọ̀rùn Mẹ̀kúnnù ni ipò rẹ̀. Gbohùngbohùn ni àwọn ará ìlú ń pè é lẹ́yìn, torí bó bá kí ẹnì kan ṣoṣo pé "ẹ káàárọ̀", gbogbo àdúgbò ló máa dáhùn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kéré tí kì í wú lẹ́nu rẹ̀. Tó bá fẹ́ mu omi, kò ní sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Á dìde, á tún kóòtù ṣe, á ní, "Ní wákàtí pàtàkì yìí nínú ìtàn ilẹ̀ wa, ọ̀fun mi ń ké pe omi." Wọ́n á sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó gbé omi wá.

Ẹ wo ọ́fíìsì rẹ̀ ná. Àga rẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Wọ́n wá gbé àpótí kan tí wọ́n fi aṣọ pupa bò sábẹ́ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀gá má bàa máa fì dirodiro. Àga àwọn àlejò ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ á bá a létí. Mínísítà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn àga náà. Ó ní ó yẹ kí mẹ̀kúnnù máa wòkè, torí òkè ni ìrànlọ́wọ́ ti ń wá.

Apá ọ̀tún rẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ máa ń dúró sí, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀ni-sà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ń ṣe gbowó: háà ló ń ṣe. Bí Mínísítà bá sọ ọ̀rọ̀ kékeré, á rọra ṣe "háà". Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi díẹ̀, á ṣe "hááà!" á sì fọwọ́ lérí. Tó bá wá kan owó ìjọba, á fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí òòyì ń kọ́, á máa fi áńkáṣíìfù nu ojú. Apá òsì ni akọ̀wé máa ń jókòó sí. Ti akọ̀wé tún yàtọ̀, torí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́.

"Akọ̀wé," ni Mínísítà wí lọ́jọ́ náà, "ta ló ń ronú ní ilé iṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń kọ̀wé ni, sà."

"O káre. Gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde, kọ ọ́ bó ṣe wà, má yọ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí o bá rí gbólóhùn kankan tó sọ pé Mínísítà ṣàṣìṣe, fa igi lé e lórí kíákíá, torí irọ́ ni."

"Mo ti gbọ́, sà," ni akọ̀wé wí, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Kí ẹ má bàa ní mò ń purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti abọ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò, wọ́n wá sọ fún un pé oúnjẹ àwọn aláìní kì í kún abọ́ wọn. Ó ronú. Bẹ́ẹ̀ni-sà ti fẹ̀yìn ti ògiri sílẹ̀ dè é. Mínísítà ní, "Ẹ ra abọ́ kékeré fún wọn!" Wọ́n sì ra abọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ, wọ́n pín in kárí ìlú. Ló bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní láti òní lọ, kò sí abọ́ mẹ̀kúnnù tí kò ní máa kún. Òótọ́ ló sì sọ. Owó tí wọ́n ná sórí abọ́ náà ìbá ra oúnjẹ tó máa kún abọ́ àtijọ́ ní àkúnwọ́sílẹ̀, àmọ́ ta ni mo jẹ́? Wọn ò pè mí sí ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn ti abọ́ ló gbé Òfin Àpò Kan dé. Ó ní òun ti ṣèwádìí, òun sì ti rí i pé àwọn aláìní ò níṣòro owó rárá, àpò ló pọ̀ jù nínú ilé wọn. Bàbá ní tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, àbúrò ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀, owó kékeré tó wọlé á wá fọ́n ká bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Ó pe ìpàdé ńlá. Àwọn akọ̀ròyìn wá, àwọn òṣìṣẹ́ kún gbọ̀ngàn.

"Kí gbogbo owó tó bá ń wọlé fún ẹnikẹ́ni nínú ìdílé kan," ni Mínísítà wí, "máa lọ tààrà sínú àpò kan, kí àpò náà sì wà lọ́wọ́ obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé! Bí àpò bá fúyẹ́, ìjọba á fi ìrànwọ́ kún un. Bó bá wúwo, ìjọba á káwọ́ lẹ́yìn!"

"Hááà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-sà ṣe.

Ká má purọ́, òfin náà ò burú. Èmi tí mò ń bú u yìí, mo gbà pé ìyá mi ìbá ṣọ́ owó bàbá mi ju bí bàbá mi ṣe ṣọ́ ọ lọ. Ẹnu Mínísítà ló ba òfin tirẹ̀ jẹ́. Akọ̀ròyìn kan na ọwọ́ sókè, ó ní ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìdílé.

"Ẹnikẹ́ni tó bá sùn lábẹ́ òrùlé ilé náà fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì jẹun nínú ìkòkò ibẹ̀!"

"Tí ọkọ kan bá fẹ́ sá jáde kúrò nínú ìdílé ńkọ́, sà, kó lè máa dá owó tirẹ̀ ná?"

"Kò lè jáde! Àfi tí ìyá tó di àpò mú bá fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ bú yẹ́. Àtẹ́wọ́ sì ni oúnjẹ ọkùnrin yìí, tó bá ti jẹ ẹyọ kan, ó di dandan kó bu òmíràn. Ó na ìka sókè. "Òfin yìí ò mọ ẹnì kan yàtọ̀! Ì báà ṣe káfíńtà, ì báà ṣe dókítà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ì báà ṣe adájọ́, ì báà ṣe ọ̀gágun!" Wọ́n tún pa á, àwọn kan ti ń dìde dúró. Mínísítà wá ẹni tó ju ọ̀gágun lọ, kò rí. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ẹni kan ṣoṣo tó kà sí èèyàn nínú gbọ̀ngàn náà. "Ì báà ṣe èmi Mínísítà fúnra mi!"

Bẹ́ẹ̀ni-sà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lulẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ bó ṣe wà, kò yọ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ inú òfin. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní àdúgbò kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, obìnrin aránṣọ kan ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilé yàrá méjì ló fi sílẹ̀ fún wọn, páànù orí rẹ̀ sì ti jẹrà, pàápàá ní ọ̀kánkán ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wọn. Kò sì síbòmíì tí wọ́n lè gbé e sí, torí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti tó láti fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Nígbà òjò tó kọjá, omi kán sí i nínú, ó dípẹtà, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sì bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí omi bá tún fi kàn án, ẹ má wulẹ̀ gbé e wá bá mi mọ́. Àwọn tó ń ra irin tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá."

Ṣé ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Òjò ń bọ̀. Aránṣọ ti kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ lábẹ́ Òfin Àpò Kan, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i: owó òrùlé ń bọ̀ lópin oṣù. Lójoojúmọ́ ló ń wo ojú ọ̀run, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.

Àárín ìgbà yẹn ni ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé Mínísítà ò mọ bí inú ilé mẹ̀kúnnù ṣe rí. Orí Mínísítà gbóná.

"Èmi! Èmi tí mo ti ka ìwé nípa òṣì nínú ilé ìtura ìlú mẹ́ta! Ó dáa. Màá lọ gbé ilé mẹ̀kúnnù fún ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ni-sà, wá ilé òtòṣì kan fún mi, èyí tí mọ́tò mi á lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ni-sà wá a títí, ilé aránṣọ ló sì bá ohun tó ń wá mu. Ìyá Àgbà, ìyá aránṣọ, ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ò ga, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè, àmọ́ kò sẹ́ni tó dàgbà lójú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti rí, ọmọ rẹ̀ ni.

"Ẹ káàsán, Mà. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ọlọ́lá jùlọ, Mínísítà, fẹ́ wá jìyà lọ́dọ̀ yín."

"Jìyà kẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, Mà. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe bí aláìní ni."

"Ó mà ṣe o. Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá wọn sọ ọ́ nílé ni?"

Aránṣọ ti dìde nídìí ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé kò ní da owó òrùlé wa rú?"

"Háà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-sà wí. "Yóò tiẹ̀ jẹ́ kó yá ni!"

Bí Mínísítà ṣe dé nìyẹn, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n dìídì gé sí wẹ́wẹ́ fún un lọ́dọ̀ télọ̀ olówó ńlá, kó lè jọ àkísà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní láti yọ férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wọlé tán, yàrá parí. Aránṣọ àti ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ lọ sùn sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mínísítà mú fáànù wá, ó mú dígí wá, ó mú alásè tirẹ̀ wá pẹ̀lú. Àmọ́ onífótò ní fótò ò ní gún régé bí wọn ò bá rí i nídìí ìkòkò Ìyá Àgbà. Ló bá jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Oúnjẹ náà lọ tààrà síbi tó yẹ kó lọ. Láti ọjọ́ kejì, kò dúró de onífótò mọ́. Ó jẹ tirẹ̀, ó wo abọ́ ọmọ kékeré, ó ní, "Orílẹ̀-èdè máa rántí ọ," ó sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Láàárọ̀, á dúró sábẹ́ páànù tó jẹrà, á máa na ọwọ́ sí ihò ibẹ̀ níwájú àwọn akọ̀ròyìn. "Ẹ wo ihò yìí! Ìmọ́lẹ̀ ọ̀fẹ́! Atẹ́gùn ọ̀fẹ́! Owó gọbọi ni olówó ń san fún ohun tí mẹ̀kúnnù ń rí láìná kọ́bọ̀!" Aránṣọ wo sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọrùn Mínísítà, ó sì rọra gbé sísọ́ọ̀sì náà síbi tó jìnnà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, Mínísítà kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Kò dá férémù padà. Ọjọ́ kejì ni akọ̀wé wá yẹ ilé wò, torí òfin ní kí wọ́n yẹ ilé wò kí owó tó jáde.

"Ta ló sùn níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá?" ni akọ̀wé béèrè.

"Àwa ni," ni aránṣọ wí.

"Mínísítà náà sì wà níbí!" ni ọmọ kékeré wí. "Ó máa ń hanrun!"

"Ṣé ó jẹun nínú ìkòkò yín?"

"Ó jẹun níbẹ̀. Ó jẹ tèmi náà!"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa bírò dé. "Ẹ kú oríire, Mínísítà ti di ọmọ ìdílé yín. Ìdílé tó ní mínísítà nínú kì í ṣe ìdílé aláìní. Owó òrùlé ò sí mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i!" ni aránṣọ wí.

"Wọn ò gbà mí láyè, Mà," ni akọ̀wé wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Kò bínú sí akọ̀wé. Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun ṣí ilẹ̀kùn. Òjò ti ń ṣú níta, àwọn ọmọ sì lọ wá àwọn korobá jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn. Èyí gan-an ló ń mú mi bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde: ẹni tí kò ní nǹkan kan gba ẹ̀yin aláṣẹ lálejò, ẹ jẹun rẹ̀ tán, ẹ wá fi ẹnu tí ẹ fi jẹun rẹ̀ sọ ọ́ di olówó!

"Dìde, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Wá gèlè mi fún mi. A fẹ́ lọ kí ọmọ ilé wa."

Òjò tó ṣú náà kọjá láìrọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, wọ́n bá Mínísítà níbi tó ti ń fi fótò rẹ̀ han àwọn akọ̀ròyìn. Wọ́n sún àga kúkúrú sí Ìyá Àgbà. Ó wò ó. "Tí mo bá jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi dìde?" Ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni aránṣọ wí, ẹ̀kún ń yọ lóhùn rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu yín kan ṣoṣo ló máa tún un ṣe. Ẹ ṣáà ní àlejò lẹ jẹ́. Ẹ ní àṣìṣe ni."

Akọ̀wé ti gbé bírò sókè láti fa igi. Àwọn akọ̀ròyìn kọjú sí Mínísítà. Ká ní ọkùnrin yìí lọ́gbọ́n bíi ti adìẹ lásán, á ti ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni mí," á sì lọ jẹun ọ̀sán rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn ti wọ̀ ọ́ létí.

"Àṣìṣe? Èmi?" Ó gun orí àpótí aláṣọ pupa. "Kò sí àṣìṣe! Ọmọ ilé aránṣọ ni mí, tọkàntara! Òrùlé ibẹ̀, òrùlé mi ni! Ìkòkò ibẹ̀, ìkòkò mi ni! Ìyá yìí, ìyá mi ni! Ẹni tó bá ní èmi kì í ṣe ọmọ ilé yẹn, kó yọjú!"

"Hááà!" Àtẹ́wọ́ tún bú yẹ́.

Ìyá Àgbà wò ó títí ariwo fi rọlẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ, ọmọ mi?"

Bẹ́ẹ̀ni-sà di etí mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì sọ "o" sí Mínísítà rí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà! Mo sì búra!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé, o gbọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, Mà."

"O ṣeun. Èmi ni obìnrin tó dàgbà jù nílé wa. Ìgbà wo ni owó oṣù ọmọ mi máa ń wọlé?"

Àtẹ́wọ́ tó kù nínú yàrá náà kú sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pa á. Mínísítà rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó, àmọ́ èkejì rẹ̀ ò ní ikọ́ tó lè fi bo tirẹ̀.

Nígbà tí oṣù parí, owó Mínísítà gba ilé aránṣọ lọ. Ó sáré lọ bá akápò ilé iṣẹ́, akápò sì ka òfin sí i létí: ì báà ṣe èmi Mínísítà fúnra mi. Ó délé, ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́.

"Owó oúnjẹ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Màmá."

"Màmá wo? Màmá yín tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́?"

"Màmá mi tuntun."

Ìyàwó ò bá a jà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní kó wá pe òun tí ìyá tuntun náà bá já a lẹ́nu ọmú.

Ó di dandan kí Mínísítà lọ bá Ìyá Àgbà. Ó bá a níta pẹ̀lú káfíńtà, wọ́n ń yẹ páànù tuntun wò. Aránṣọ dúró tì wọ́n, ó ń fi ọwọ́ pa páànù náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

"Mà, mo nílò owó díẹ̀," ni Mínísítà wí.

"Fún kí ni?"

"Epo mọ́tò, Mà. Mọ́tò mẹ́ta ni."

"Ìdí mélòó lo ní tí o fẹ́ fi jókòó sí mẹ́ta? Kí ló tún kù?"

"Owó Bẹ́ẹ̀ni-sà. Ẹni tó ń ṣe háà."

"Sọ fún un pé kó máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti gbàjọba." Ó tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó fún un ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. "Kó o mú ṣéńjì mi wá o."

Mínísítà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé rẹ̀. "Mà, ẹ dákun, ẹ yọ̀ǹda mi kúrò nínú ìdílé yìí."

"Kí n lé ọmọ mi síta? Kí ayé ní kí ni mo jẹ́? Ọmọ burúkú náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Di àkàbà yẹn mú fún káfíńtà, má jẹ́ kó yẹ̀."

Ó dì í mú. Onífótò kan tó ń kọjá sì yà á, fótò náà ló sì dára jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì yà fún un.

Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀dọ̀ Olórí Ìjọba lọ, ó ní kí wọ́n yí òfin padà. Olórí Ìjọba rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Òfin tó dáa nìyí o! Gbogbo ìlú ló ń yìn mí nítorí rẹ̀. Tí o bá fẹ́ ká yí i padà, jáde síta, kí o sọ fún ayé pé o ṣàṣìṣe."

Mínísítà lọ síwájú dígí láti kọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Mo ṣà... Mo ṣàkóso... Mo ṣàlàyé... Mo ṣàṣeyọrí!" Ahọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó mu omi, ó tún gbìyànjú, ó tún ṣàṣeyọrí. Ẹ ṣàánú rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ nígbà tó bá da omi sílẹ̀, àgbàlagbà ń làágùn lé e lórí.

Nígbà tó yá, ó pe ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún, tẹlifíṣọ̀n dé. Ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, ó dijú, ó tì í jáde.

"Mo ṣàṣìṣe."

"Háà! Irọ́ ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-sà pariwo. "Ẹ ò lè ṣàṣìṣe láéláé!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Mo ní mo ṣàṣìṣe!"

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹ wo ọkùnrin!" Wọ́n dìde dúró, àwọn kan ń sunkún.

"Akọ̀wé! Ìwọ, kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Mo ti kọ ọ́, sà. Mo sì ti fa igi lé e, bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe."

Ohun kan já nínú orí Mínísítà. Ó bọ́ bàtà kan, ó sọ ọ́ lu Bẹ́ẹ̀ni-sà, Bẹ́ẹ̀ni-sà gbà á mú, ó sì ní, "Háà, ẹ ṣeun, sà." Ló bá figbe ta. "Òmùgọ̀! Òmùgọ̀ ni mo kó jọ! Gbogbo yín! Òmùgọ̀ sì ni Olórí Ìjọba tó rí mi tó fi mí ṣe mínísítà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn náà. Ẹni kan ṣoṣo tí kò pàtẹ́wọ́ ni Olórí Ìjọba, tó jókòó sílé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kí Mínísítà tó rí bàtà rẹ̀ gbà padà, wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ilé, wọ́n gba mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ni-sà ò tẹ̀ lé e jáde. Ó ti ń kọ́ háà tuntun sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀.

Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ rìn. Ìlú tóbi, àmọ́ kò sí ilẹ̀kùn tó mọ̀ tí wọn ò ní kọ́kọ́ béèrè ipò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí òjò ti ṣú dùdù, ó rí ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, níwájú ilé tí kò ní férémù ilẹ̀kùn.

"Wọlé, kí òjò tó pa ọ́," ni Ìyá Àgbà wí.

"Wọ́n ti lé mi, Mà. Mi ò lówó oṣù mọ́. Mi ò tiẹ̀ ní nǹkan kan mọ́."

Aránṣọ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì dárí jì í, kò sì díbọ́n pé òun ti dárí jì í. "Ìdílé wa ti padà di aláìní nìyẹn," ni ó wí. "A lè tún kọ̀wé béèrè ìrànwọ́. Ẹ sún sápá ibẹ̀ yẹn, ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Ó sún. Òjò dé. Kò rọra dé, ó dà lulẹ̀ wìì lẹ́ẹ̀kan náà. Aránṣọ ká ọwọ́ kúrò lára aṣọ. Gbogbo wọn gbójú sókè sí ọ̀kánkán ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ti di korobá mú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Omi kankan ò kán. Aránṣọ fi ọwọ́ pa orí ẹ̀rọ, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Owó oṣù Mínísítà ló wà lórí wọn níbẹ̀ yẹn, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀ gírígírí.

Mínísítà àná náà gbójú sókè. Ó rí páànù tuntun, ó rí àwọn èèyàn tó péjọ, ara rẹ̀ ò sì gbà á mọ́. Ó dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó na ìka sí òrùlé, ó ya ẹnu. Bó ṣe ya á ni òjò le sí i lórí páànù, ó ń dún gbàà-gbàà-gbàà. Ọkùnrin náà ò dákẹ́. Ó ń ju apá, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ ń ṣí ó ń pa dé.

Ìyá Àgbà fi ẹnu sún mọ́ etí ọmọ rẹ̀. "Kí ló ń wí?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màámi," ni aránṣọ wí, ó fa aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lọ.